Ojú Ìyá Àwẹ̀ró Lára Ògiri

Dúró ná, ìwọ tí o ń sáré kọjá. Sọ ẹrù rẹ kalẹ̀, kí o fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìrìn.

Ní ìlú Òkè-Ẹfun, ayàwòrán méjì kan wà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Àjàgbé ni ọkùnrin náà, òun sì ni ọ̀gá; Àwẹ̀ró ni obìnrin. Nígbà tí àwọn ayàwòrán yòókù ní obìnrin kò gbọdọ̀ gun àkàbà, Àjàgbé ló di àkàbà náà mú fún un. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ ẹfun, bí wọ́n ṣe ń po osùn àti ẹ̀lú, àti pé orí amọ̀ tútù ni wọ́n ti ń kun ògiri: bí amọ̀ bá ti gbẹ, ohun tó mu ti di tirẹ̀, kò ṣeé yọ mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan bí ọmọ ìyá.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yàtọ̀. Omi èédú ni Àjàgbé fi ń fa ìlà yí gbogbo nǹkan ká. Àwẹ̀ró kì í fa ìlà rárá. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń tẹ ọ̀dà mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ yóò fi dà bíi pé ó ń mí níbẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣé èèyàn lo yà yìí àbí èéfín?" Àjàgbé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ ti fi imú kan ògiri, kí lẹ fẹ́ rí?"

Ní ọdún kan, àìsàn dá ìyá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀. Àwẹ̀ró mọ̀ pé ìyá kò ní pẹ́ láyé mọ́. Ó fi amọ̀ tútù rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti àfẹ̀mọ́júmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń rí tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nìyẹn: kí ojú náà má bàa bá ìyá lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, iyèméjì wọ inú rẹ̀. Ọkàn tó ti ń yọ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ènìyàn. Ó lọ pe Àjàgbé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kù."

"Etí aṣọ èjìká ìyá yẹn ló kù," ni Àjàgbé wí. "Gbé èédú wá. Ìlà kan péré ni."

Ó fa ìlà kan sí etí aṣọ. Ìlà aṣọ béèrè ìlà ọrùn. Ti ọrùn béèrè ti àgbọ̀n. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń súfèé, kò sì gbọ́ nígbà tí Àwẹ̀ró wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó." Àwẹ̀ró ì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò dì í mú. Ta ni yóò di ọwọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ mú? Kó tó di ọ̀sán, èédú ti yí ojú, imú àti ẹnu ká, amọ̀ sì ti gbẹ.

Wọ́n gbé ìyá jáde wá wò ó. Ìyá wo ògiri títí.

"Ó dára," ni ó wí. "Ìyá ta nìyí?"

Àjàgbé rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ṣebí o ní tèmi lo máa yà."

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá kú. Àwẹ̀ró fi ọ̀bẹ ha èédú náà, ṣùgbọ́n ojú ìyá ló ń bá a bọ́ sílẹ̀. Òun àti Àjàgbé kò jà. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jọ gun àkàbà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí Àjàgbé wá bẹ̀bẹ̀, ohun tí Àwẹ̀ró sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín wí. Ọlọ́run fún èmi náà lọ́wọ́, mo gbé e jù sílẹ̀, mo lọ yá tiyín. Àtẹ́lẹwọ́ tèmi kì bá tí tàn mí jẹ."

Ẹnu obìnrin yìí ni àwọn àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ìwọ tí o ń gbọ́ èyí, tí iyèméjì ti mú kí o gbé iṣẹ́ tí Olúwa fi rán ọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí. Lọ gbà á.