Ẹ Jẹ́ Kó Wọlé Lọ́jọ́ Àìkú

Ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ búrẹ́dì tí ẹlòmíràn bá bá a gé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, òun ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbé ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́. Nígbà tí à ń wí yìí, àyè kan ṣoṣo ló kù láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, orílẹ̀-èdè méjì ló sì ń du ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa pàdé. Wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìpàdé kejì di ọjọ́ Àìkú, nílé. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń lé ife náà, ó sì mọ̀ pé bí èyí bá bọ́, kò sí òmíràn mọ́ fún òun.

Nítorí náà, ojú rẹ̀ ò gbé ibì kan. Á gbóòórùn omi kó tó mu ún. Bí agbábọ́ọ̀lù méjì bá jọ rẹ́rìn-ín, á fẹ́ mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ́lé rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, ló bá gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ó dáa, mo ti gbà. Ẹ jẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ Àìkú."

Àyà akọ́nimọ̀ọ́gbá já. Kí ló tún ń wọlé lọ́jọ́ Àìkú bí kò ṣe bọ́ọ̀lù? Kí sì ni aṣọ́lé gbà, lọ́wọ́ ta ni? Ó ti gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní bí òun bá bi í, irọ́ ni yóò pa. Kò sì lè yọ ọ́, nítorí kò sí aṣọ́lé mìíràn tó tó o. Ló bá fa agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó máa ń dúró níwájú aṣọ́lé sí kọ̀rọ̀ kan.

"Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ," ló wí fún un. "Máa ṣọ́ ọ. Bó bá ní kí o fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, má fi sílẹ̀ o."

"Kóòṣì, ó ti pẹ́ táwa méjèèjì ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ ti bi í?"

"Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọkàn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn pín sí méjì. Ó ń wo ọ̀tá níwájú, ó ń wo ọ̀rẹ́ lẹ́yìn. Aṣọ́lé mú bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí gbogbo èrò rò pé ó ti wọlé, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ó ń fi ìyẹn bojú ni. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wá. Kò le rárá. Aṣọ́lé jáde sí i, ó nawọ́, ó kígbe pé, "Fi sílẹ̀, tèmi ni!" Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún un, ló bá na ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù bà á lójúgun, ó gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ́lé kọjá, ó wọlé. Bí wọ́n ṣe pàdánù nìyẹn.

Nínú yàrá ìmúra, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ń sunkún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ dúró ti aṣọ́lé, ó bi í pé,

"Kí lo gbà pé kó wọlé lónìí?"

Aṣọ́lé gbójú sókè, ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu. "Ènìyàn ni, sà. Àfẹ́sọ́nà Fadérera àbúrò mi ni. Látìgbà tí bàbá wa ti kú, èmi ni wọ́n ń wò lójú nílé. Ọdún méjì ni mo fi ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ ilé wa. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo gbà fún Màámi. Ẹ bá ti bi mí, sà."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn bàtà.

Arákùnrin mi, lánàá lo jókòó síwájú mi tí o ní o gbọ́ tí ìyàwó rẹ ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ o," àti pé o ti ní kí àbúrò rẹ máa ṣọ́ ọ. Ta ni kò gbọdọ̀ mọ̀? Ṣé ìwọ ni? Ṣé ọmọ yín ni? Àbí àbúrò wọn tó ń ṣàìsàn? Èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò sì mọ̀. Ẹni tó ń bá ọ ṣọ́ ilé lo ní kí wọ́n máa ṣọ́ yẹn. Dìde, máa lọ sílé, kan ilẹ̀kùn, kí o sì bi í.