Ẹ Bù Fún Un Jẹ

Àlọ́ o.
Àlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀, ó bà sí Ìlú Orindùn. Níbẹ̀, kò sí ẹranko tó ń ṣe ìnáwó láìpe Ẹ̀ga, ẹyẹ tó ń fi orin jẹun. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé tí olórin bá yó, ohùn rẹ̀ á bàjẹ́.

Ebi ti ń pa Ẹ̀ga nígbà tó dé ibi tí Erin ti ń sọmọ lórúkọ, ó sì dá orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

Òòyì ń kọ́ mi o.
Ẹ bù fún un jẹ.
Ọ̀fun mi gbẹ o.
Ẹ bù fún un jẹ.

Àwọn ẹranko gbè é, wọ́n jó, wọ́n jẹun tán. Erin ní, "Ẹ̀ga, o máa kọrin nílé Ẹfọ̀n lọ́la. A ò fẹ́ ba ohùn rẹ jẹ́."

Ẹfọ̀n náà wí bẹ́ẹ̀, ó ní Ìmàdò fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nílé Ìmàdò, Ẹ̀ga ṣubú láàárín orin. Wọ́n rò pé ijó tuntun ni, gbogbo wọn bá a ṣubú. Wọ́n dìde. Ẹ̀ga kò dìde.

Wọ́n gbé àwo oúnjẹ tó kún bámúbámú sórí ibojì rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi nìyí. Ẹ̀yin náà gbè é, ohùn yín sì dùn. Ta ni nínú yín tó gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ wí?