Ọdẹ́bùnmi àti Ẹnu-Ọ̀nà Tí Kò Kọ̀ fún Àlejò

Láti ìgbà tí a ti dá ayé ni a ti fi ẹnu-ọ̀nà sí ohun gbogbo tó níyì: eyín ni ẹnu-ọ̀nà ọ̀rọ̀, ìpéǹpéjú ni ẹnu-ọ̀nà ojú. Ẹnu-ọ̀nà tí kò mọ bí a ti ń kọ̀ fún àlejò, ihò lásán ni, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́bùnmi. Baba rẹ̀ ń pa ẹfọ̀n, òun ń pa àṣìṣe inú ẹ̀rọ. Jafaskíríìptì, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ni ó fi ń hun pàkúté tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí Igbó Ìbéèrè, níbi tí àwọn iwin tí nọ́ńbà ni orúkọ wọn ti ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ àìsàn gbogbo ará ìlú. Pàkúté a máa bẹ̀bẹ̀ láti wọlé láìmú àmì ìdánimọ̀ lọ́wọ́, kí ó lè gbọ́ bí wọn yóò ti kọ̀ fún un. Bí kíkọ̀ náà bá tọ́, iná aláwọ̀ ewé. Bí kò bá tọ́, iná pupa. Ọdún kan gbáko, ewé ni ó ń tàn, Ọdẹ́bùnmi sì ń yan bí àkùkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ ti ìpàdé ẹbí dé pẹ̀lú omijé. Àjèjì kan ti ka àrùn rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀ Igbó Ìbéèrè sétí gbogbo wọn bí ẹni ń ki oríkì. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni?" Ọ̀rọ̀ náà gún un ju ọfà lọ. Ó búra pé òun kò ní wo ojú ìyá òun mọ́ àfi bí òun bá tún ẹnu-ọ̀nà náà ṣe, ó sì gbéra.

Nínú igbó ó kọjá lára Mẹ́rinlénírinwó, iwin tó tínrín bí èéfín, tí ń wá ohun tí kò sí. Ó kọjá lára Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, òmìrán tí ń ṣubú bí a bá ti kí i, tí ń sọ pé ẹ̀bi òun ni. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kànlénírinwó, onílẹ̀kùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ̀ fún ẹni tí kò ní àmì. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ ọdẹ. Ojoojúmọ́ ni pàkúté rẹ ń wá kí mi. Kí ni o rán an?"

"Mo ní bí ẹ bá kọ̀ fún un, kí ó yẹ nọ́ńbà tí ẹ pè wò, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ."

"Bí n kò bá kọ̀ ńkọ́?"

Ọdẹ́bùnmi gbójú sókè wo ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu náà. Iwin rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi jó. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo òun ni òun kò ti lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Pàkúté ń wọlé, kò rí kíkọ̀ kankan yẹ̀ wò, ó ń padà lọ tan iná ewé. "O rán ọmọ lọ wò bóyá ajá ń gbó dáadáa. Ajá kò gbó rárá, ọmọ ní kò sí wàhálà." Ó ní bí Ọdẹ́bùnmi bá gbọ́n, kí ó hun òmíràn lójú òun, òun yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Ọdẹ́bùnmi jókòó lórí gbòǹgbò ìrókò, ó hun ún, ó gbé e sókè. "Bàbá, kí ẹ kọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ṣe dandan. Bí pàkúté yìí kò bá rí i pé ẹ kọ̀, pé Ọ̀kànlénírinwó ni ẹ pè, pé ẹ sì béèrè àmì, pupa ni yóò tàn. Bí Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bá ṣubú sí ipò yín, pupa náà ni: ìṣubú kì í ṣe kíkọ̀."

Ó rán an. Ó tàn pupa bí ẹ̀jẹ̀. Iwin dìde, ó tún àgádágodo rẹ̀ ṣe. Wọ́n tún rán an, ohùn kan sì sán bí àrá: "Ọ̀kànlénírinwó ni mí. N kò mọ̀ ọ́. Mú àmì rẹ wá." Igbó mì tìtì, iná ewé tàn, Ọdẹ́bùnmi sì yan padà sílé bí ọmọ ẹni tó pa ẹfọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, ẹ má yọ̀ nítorí pé ẹ kò gbọ́ aburú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ gbọ́ ohunkóhun rárá.

Àṣírí Àwẹ̀ró ti di ẹyin tó fọ́, kò ṣeé kó mọ́, ṣùgbọ́n kò tijú mọ́, àga iwájú ni ó ń jókòó sí ní ìpàdé ẹbí. Àjèjì náà padà lọ sí igbó lẹ́ẹ̀kan, onílẹ̀kùn kọ̀ fún un, kò sì tún lọ mọ́. Ọdẹ́bùnmi ṣì ń hun pàkúté. Kò sì sí èyí tí ó ń gba ewé rẹ̀ gbọ́ láìkọ́kọ́ rí pupa rẹ̀.