Ehoro Yẹ Ilé Wò Kó Tó Rà Á

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ń bọ̀ o!
"Kó máa bọ̀, a ti jókòó dè é!"
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sórí Ehoro àti Òkété.

Oyún Ehoro ti pé, òjò sì ti ṣú, kò sì rí ihò tí yóò bímọ sí. Òkété ní òun ní ọ̀kan tí òun fẹ́ tà, gbogbo ẹ̀pà tí Ehoro kó jọ ni òun yóò gbà.

"Bàbá Òkété, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ehoro fọwọ́ kan ògiri, iyẹ̀pẹ̀ ya lulẹ̀.
"Ògiri ló ń kí ọ káàbọ̀," ni Òkété wí.

Ó gbójú sókè, omi kán sí i nímú.
"Omi ẹ̀rọ nìyẹn! O ò ní lọ sódò mọ́."

Ó yọjú sí yàrá ẹ̀yìn, ó rí nǹkan gígùn kan tó ń dán.
"Bẹ́líìtì bàbá mi ni."

Ehoro bá forin sí i. Ẹ máa gbè é:

Ṣé bẹ́líìtì a máa mí?
Jàǹtò!
Ṣé bẹ́líìtì a máa ṣẹ́jú?
Jàǹtò!
Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé.
Jàǹtò!

Ojú ti Òkété, ó rọra wọ yàrá ẹ̀yìn náà. Òjòlá gbórí sókè, ó ní, "Òkété, Ehoro tí o ṣèlérí fún mi dà?"

Òkété fò jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ehoro ṣubú, kò sì dúró títí ó fi kọjá oko méje. Ehoro gbé ẹ̀pà rẹ̀, ó wá abẹ́ àpáta gbígbẹ kan, ó bí ọmọ mẹ́rin síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ilé fún yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ ná. Ó yá, ẹ dìde, ẹ gbọn iyanrìn ìdí yín.