Ewúrẹ́ Tó Ń Yọ́ Fi Ọmọ Sílẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ààlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé, ó gba ojúde, ó já sọ́dọ̀ Ewúrẹ́, Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀, àti Pẹ́pẹ́yẹ tó ń bá ará àdúgbò tọ́jú ọmọ nílé rẹ̀.

Ewúrẹ́ ń dá oko ẹ̀gẹ́. Oko náà jìn. Àwẹ̀ró ti wúwo ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tí ì gbé e dé oko. Ni Ewúrẹ́ bá ń fi í sílẹ̀ nílé Pẹ́pẹ́yẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀rù ẹkún ọmọ ń ba Ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní, "Àwẹ̀ró, wo ẹyẹ lókè!" Ọmọ gbójú sókè. Ìyá gba ẹ̀yìn ilé lọ. Àwẹ̀ró sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ ò dágbére fún un," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí nírọ̀lẹ́.

"Bí mo bá dágbére, yóò sunkún."

"Kí ló wá ṣe lónìí, ijó?"

Lọ́jọ́ kejì, Ewúrẹ́ fún un ní èèpo iṣu, ó sì yọ́ lọ. Àwẹ̀ró wò yíká, kò rí ìyá. Ọmọ Ehoro, tí Pẹ́pẹ́yẹ ń tọ́jú pẹ̀lú, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni tó bá jẹun níbí, ìyá rẹ̀ á pòórá!" Àwẹ̀ró tu èèpo dànù. Kò jẹun mọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Lọ́jọ́ kẹta, Ewúrẹ́ kọrin fún un títí ó fi sùn, ó sì yọ́ lọ. Àwẹ̀ró jí. Kò pariwo. Ó gba abẹ́ ọgbà jáde, ó wá ìyá rẹ̀ wọ igbó.

Pẹ́pẹ́yẹ wá a, kò rí i. Ó ránṣẹ́ sóko. Ewúrẹ́ sáré dé. Ipa ẹsẹ̀ Ìkookò wà lẹ́nu igbó.

"Ẹ pè é," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Ṣé yóò dá mi lóhùn? Èmi tí mo ti ń sá fún un láti ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ẹ ṣáà pè é."

Ewúrẹ́ ké: "Mẹ́ẹ̀!" Igbó dákẹ́. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Igbó dákẹ́. Nígbà kẹta, ohùn híhá kan dáhùn lábẹ́ ọ̀pẹ tó wó: "Mẹ́ẹ̀!"

Àwẹ̀ró yọ jáde. "Ìyá mi, mo rò pé ẹ ti kọ̀ mí sílẹ̀ ni."

"Oko ni mo lọ."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"N kò sọ," ni Ewúrẹ́ wí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Pẹ́pẹ́yẹ, ó wo ojú ọmọ. "Àwẹ̀ró, mo ń lọ sóko. Bí oòrùn bá ti wọ ẹ̀yìn igi orógbó yẹn, n ó dé." Àwẹ̀ró sunkún. Ewúrẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀, ó ké: "Mẹ́ẹ̀!" Ọmọ dáhùn: "Mẹ́ẹ̀!" Wọ́n ń ké, wọ́n ń dáhùn, títí ohùn kò fi dé ohùn mọ́. Nígbà tí oòrùn wọ ẹ̀yìn igi orógbó, ìyá dé.

Ẹkún ọjọ́ karùn-ún kò tó ti ọjọ́ kẹrin. Kí oṣù tó yí po, Àwẹ̀ró ti ń bá ọmọ Ehoro du èèpo iṣu.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ewúrẹ́ bá ń jẹ̀ lọ, á máa ké sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á sì máa dá a lóhùn.

Ibi tí ààlọ́ yìí bá mi dé nìyí. Bí mo bá purọ́, ẹ bi ewúrẹ́ tó bá kọjá lẹ́yìn ilé yín.