Bí Ojú Tòlótòló Ṣe Di Pupa Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Yan Ààrẹ Àwọn Ẹyẹ

Nígbà láéláé, kí ènìyàn kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí à ń pè ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ẹyẹ ló ni ibẹ̀. Wọ́n ní ìlú kan létí odò ńlá, wọn kò sì ní ọba. Ààrẹ ni wọ́n máa ń yàn. Bí yìnyín bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì yọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn á péjọ sí pápá, kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù ni ààrẹ.

Tòlótòló kò rí nígbà náà bó ṣe rí lónìí. Ìyẹ́ dúdú tó ń dán bo orí àti ọrùn rẹ̀. Àyà rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì máa ń ká ìrù rẹ̀ mọ́ra. Ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni. Ó lè wọlé, kó jókòó, kó tún jáde, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gún régé, ó sì máa ń rìn bí ọmọge tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Àfi bí ogun ṣe dé. Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba odò, àwọn sì fẹ́ máa kó ẹyin jẹ. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi jà. Idì ló ṣíwájú àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì lé àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ padà síbi tí wọ́n ti wá. Inú ìlú dùn débi pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Idì ṣe ààrẹ.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ipò kan nílùú, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ẹyẹ máa ń bi í: "Ibo lo wà nígbà ogun?"

Nígbà tó yá, àkókò Idì pé. Ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ lọ sinmi lórí àpáta. Tòlótòló bá ní òun fẹ́ du ipò náà. Èrò gidi sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìlú kọ́ àká, kí wọ́n tọ́jú àgbàdo síbẹ̀, kí ebi má pa ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà yìnyín.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá Ìbídùn, èrò yín dára. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ogun, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ dáná fún àwọn ọmọ ogun. Òtítọ́ ni."

"Dáná kẹ̀?" ni Tòlótòló wí. "Ta ló máa to ìlà sẹ́yìn alásè?"

Lóòótọ́, jálẹ̀ ogun náà, ìdí ìkòkò ni Tòlótòló wà ní ibùdó létí odò, tó ń ro ẹ̀kọ àgbàdo fún àwọn jagunjagun. Kò fi èékánná kan kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kankan rí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àká ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ń yán. Òmíràn ti ń sùn. Ìyá Ẹ̀gà, tí ohùn rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, pariwo láti ẹ̀yìn: "Ibo lo wà nígbà ogun?"

"Mo wà létí odò."

Àwọn tó ń sùn gbé orí sókè. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ogun náà, tí kùrukùru bo ojú omi, igi ńlá kan wó sódò pẹ̀lú ọgbọ̀n ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́. Omi ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan bẹ́ sómi, igi náà sì padà sí etí odò tiwọn. Ìgbà tí kùrukùru fi ká, àwọn ìyá bá ọmọ wọn lórí yanrìn, wọ́n tutù rinrin, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbà wọ́n là.

Ohùn Ìyá Ẹ̀gà rọ̀ wọ̀ọ̀. "Létí odò? Tòlótòló, àbí ìwọ lo gba àwọn ọmọ wa là?"

Tòlótòló la ẹnu láti sọ pé rárá. Ó wo ojú wọn. Kò sẹ́ni tó wo òun bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti jáde nínú ẹyin.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í fọ́nnu," ló wí. "Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti bi mí… èmi ni."

Ariwo sọ! Wọ́n gbé e sókè. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni àyà rẹ̀ ń wú. Nígbà tó lọ sọ̀rọ̀ níbi kejì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ márùn-ún ló bá jà nínú omi. Nígbà tó débi kẹta, wọ́n ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrù rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ gbàràgàdà. Wọ́n fi í kọrin:

*Ta ló wọdò nínú kùrukùru?*
*Kulúkulú, Tòlótòló ni!*
*Ta ló gbé ọmọ wa délé?*
*Kulúkulú, Tòlótòló ni!*

Ọjọ́ ìdìbò pé. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà, ẹnì kan ṣoṣo ló tún jáde. Pẹ́pẹ́yẹ ni. Ó ń mi sọ́tùn-ún, ó ń mi sósì, nítorí láti ìgbà ogun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kan.

Àwọn ẹyẹ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ṣíwájú wa!"

"Odò ń kún sí i lọ́dọọdún," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Mo mọ ibi tí a lè gbẹ́ kí omi má wọ ìtẹ́ yín."

"Ibo lo wà nígbà ogun?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Níbẹ̀ níbo?"

Pẹ́pẹ́yẹ na apá sí omi. "Ẹ bi mí nípa odò," ló wí.

Wọ́n túbọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀gà jáde, ó ń mi ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó ń sín Pẹ́pẹ́yẹ jẹ. Ó yẹ kí inú Tòlótòló dùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ló ń wò. Òun fúnra rẹ̀ ló fi koríko di ẹsẹ̀ yẹn. Láti ìdí ìkòkò rẹ̀ ló ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Pẹ́pẹ́yẹ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣe ń ti igi nínú omi, bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe fi eyín gbá ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ mú. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kò mu ún. Odò ló ń wò, nítorí àbúrò rẹ̀ kò jáde.

"Ẹ dákẹ́!" ni Tòlótòló kígbe.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò wọdò. Ẹ̀kọ ni mo ń rò. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló gbé ọmọ yín délé."

Ìtìjú bò ó, ooru rẹ̀ sì mú un láti ọrùn títí dé àtàrí. Ìyẹ́ orí rẹ̀ re dànù wìtìwìtì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, awọ ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ìyá Ẹ̀gà ti kúnlẹ̀ níwájú Pẹ́pẹ́yẹ, ó ń sunkún.

"Dìde," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Àbúrò mi ò padà láti inú odò yẹn. Mi ò lè fi ọjọ́ náà tọrọ ipò, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́." Ó yíjú sí Tòlótòló. "Ìwọ náà, o ò sọ ọ́ tán. Ta ló ń fún wa lóúnjẹ ní gbogbo oṣù méjì tí òjò fi pa wá lójú ogun? Ṣé ẹ̀kọ yẹn kò sí lára ogun ni?"

"Ẹ̀kọ náà máa ń jóná o!" ni jagunjagun kan ké láti ẹ̀yìn, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Tòlótòló pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ni wọ́n bá ń rọ́ lọ sẹ́yìn Pẹ́pẹ́yẹ. Ó na apá méjèèjì, ó dá wọn dúró. "Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló máa ṣe ìjọba. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe ná."

Wọ́n sì bi í, nípa odò, nípa ìtẹ́, nípa bí àwọn ọmọ á ṣe yó, títí oòrùn fi dé àtàrí. Nígbà tí wọ́n tò tán, ìlà Pẹ́pẹ́yẹ gùn dé etí omi. Ogún ẹyẹ dúró sẹ́yìn Tòlótòló síbẹ̀: ìyàwó rẹ̀, àti àwọn tó mu ẹ̀kọ rẹ̀ lójú ogun. Ààrẹ Pẹ́pẹ́yẹ ní kó wá kọ́ àká tó ń rò lọ́kàn. Ó kọ́ ọ. Yìnyín ọdún náà rọ̀, ebi ò pa ọmọ kankan.

Láti ọjọ́ náà ni Tòlótòló ti máa ń wú àyà tó bá rí èrò, tó máa ń na ìrù, tó máa ń ké "kulúkulú". Tó bá sì rántí, ojú rẹ̀ a pọ́n wẹ̀ẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni gbogbo ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, bó ti wù kí ẹsẹ̀ wọn le tó, ti ń tò tẹ̀ lé ìyá wọn lọ sódò, tí wọ́n ń mi sọ́tùn-ún, tí wọ́n ń mi sósì, nítorí kò sí ìrìn tó wù wọ́n ju ìrìn ààrẹ lọ.