Ẹyẹ Méjì Orí Òkè Olóyin

"Ìyẹ́ jọ ìyẹ́, ohùn ló ni ẹyẹ." Bí àwọn àgbà Òkè Olóyin bá pa òwe yìí, ẹnu máa ń ya àlejò. Ṣebí ìyẹ́ lojú fi ń dá ẹyẹ mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dá kan dá nílùú náà láyé ọjọ́un, kànga gbẹ, odò di kìkì òkúta. Lójà, olórí ìlú, pàṣẹ pé kí tọmọdé tàgbà palẹ̀ mọ́, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ tọrọ ilẹ̀ ní àfonífojì. Ẹkún ni Ìbídùn aṣẹ́gi fi di ẹrù tirẹ̀. Orí òkè náà ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìlú gbójú lé. Àwọn baba ńlá wọn ní ẹyẹ kékeré kan wà tó ń mu oyin òdòdó, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ewé, àyà rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ibi tó bá tẹ́ ìtẹ́ sí, omi kò jìnnà síbẹ̀.

"Irọ́ ni!" Ọdẹ́gbàmí, olórí ọdẹ, ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Lójà. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀lé e. Eruku ni mo bá. Ta ló tún mọ ẹyẹ jù mí lọ?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Bàbá, èwo lẹ tẹ̀lé nínú àwọn méjèèjì?"

"Méjèèjì wo?"

"Oríṣi méjì ni wọ́n, Bàbá. Ọ̀kan ń gbé ìsàlẹ̀ òkè, èkejì ń gbé téńté, níbi tí kùrukùru ń bà sí. Ti téńté yìí ló ń tẹ́ ìtẹ́ sí ẹ̀bá omi."

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín, ó wọgbó lọ. Nígbà tó máa padà dé, ó ti pa ẹyẹ méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ó tẹ́ wọn sórí ewé kókò níwájú Lójà. Ẹ̀yìn kan náà, àyà kan náà, àgógó tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà.

"Aṣẹ́gi, èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé?"

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ìbídùn, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Bàbá, ẹ ti pa wọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ti ìsàlẹ̀ máa ń ké ṣín-ṣín-ṣín bí ẹni tó ń sín. Tòkè a fa tirẹ̀ gùn, *fíííò*, á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń gbọ́ wọn nídìí igi."

Lójà na ọwọ́ sí òkè. "Ọjọ́ kan péré ni mo fún ọ láti wá omi náà kàn."

Ìbídùn àti ìyálé rẹ̀ gbé ọkọ́ àti ìkòkò, wọ́n gun òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹyẹ aláyà pípọ́n fò kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyálé kígbe pé, "Òun nìyẹn!"

"Rárá o. Ó ń sín."

Oòrùn ti ń yẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ: *fíííò*. Ìbídùn gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ó ń tẹ̀lé ohùn náà láti igi dé igi, ẹ̀gún ya á lápá, kò bìkítà, títí ó fi rí ìtẹ́ tó so rọ̀ mọ́ gbòǹgbò kan lẹ́nu pàlàpálá àpáta. Ó ki ọkọ́ bọlẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀. Ó tún walẹ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kan òtútù, àfi gbùú, omi bò ó dé ọrùn ọwọ́! Igbe tí ìyálé ké, wọ́n gbọ́ ọ nílé.

Wọ́n gbé omi wọ̀lú, àwọn ènìyàn sì ń tú ẹrù tí wọ́n ti dì, wọ́n ń jó. Ọdẹ́gbàmí fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá, ó mu ún gbẹ, ó nu irùngbọ̀n.

"Ìbídùn, o ṣeun," ó ní. "Ojú ni mo fi ń ṣọdẹ láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó ku etí. Ìyẹ́ jọ ìyẹ́, ohùn ló ni ẹyẹ."